Ẹ Dúpẹ́ Pé Òsì Ni

Ọlọ́wọ́ òsì ni ọkọ mi. Mo fi í ṣáájú ọ̀rọ̀ nítorí pé ní ilé wọn ní Ṣakí, ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́ jáde. Nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ fi ọ̀já so ọwọ́ náà mọ́ ọn lára, ó fi ata kùn ún, ó fi ọmọrogùn gbá a, títí ọmọ fi ń fi ọ̀tún jẹun, tó ń fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí Ìyá kò rí ṣe sí: bí ọmọ náà bá ti fẹ́ mú bírò tàbí búrọ́ọ̀ṣì láti kọ nǹkan, òsì ló máa fi mú un. Ó wí títí, ó sú u. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn ti di ohun tí a kì í mẹ́nu bà níwájú àlejò, bí ìgbà tí ọmọ ńlá bá ṣì ń tọ̀ sórí ẹní.

Búrọ́ọ̀ṣì yìí ló sì ń bọ́ wa. Ara ọkọ̀ akẹ́rù ni ọkọ mi ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Ní ayé ìjọba alágbádá, lẹ́yìn tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀ tí wọn ò sì tíì padà dé, ọkọ̀ tó ń kó iṣu àti àgbàdo láti Ṣakí, Àgọ́-Àrẹ àti Irawọ̀ lọ sí Ìbàdàn pọ̀ jọjọ, kò sì sí awakọ̀ tó fẹ́ kí iwájú ọkọ̀ òun ṣófo. Wọ́n á gbé ọkọ̀ wá sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn gáréèjì, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́: àdúrà, òwe, tàbí èébú tí wọ́n fẹ́ fi ta ọ̀tá létí. Ọkọ mi á fi ẹfun fa ìlà, á sì kọ ọ́ láìgbọ̀n. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń ní òjìji lẹ́yìn, débi tí ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá á dúró wò ó. Bí awakọ̀ kan bá sọ pé, "Ẹ̀yin mà ń lo òsì," á dáhùn pé, "Ọkọ̀ yín ò mọ̀."

Èmi kì í ṣe ará Ṣakí. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti gbé mi wá, ọmọ ahunṣọ ni mí. Nílé bàbá mi, bí ọ̀tún bá ju ọ̀kọ̀ òwú gba inú òfì kọjá, òsì ló máa hán an, òsì náà ló máa jù ú padà. Bí òsì bá ya ọ̀lẹ, aṣọ ò ní í hun. A ń fi ọ̀tún jẹun bíi ti gbogbo èèyàn, a kì í sì í fi òsì júwe ilé bàbá ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n a kì í bú òsì. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo gbé wá sílé ọkọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ni mo sì ń jókòó sí tí mò ń ṣiṣẹ́. Bí inú ìyá ọkọ mi bá dùn, "Aránṣọ" ló ń pè mí. Bí inú rẹ̀ kò bá dùn, "ará Ìsẹ́yìn" ni.

Ilé iṣẹ́ kan láti Ìbàdàn ló gba iṣẹ́ àká irin tí ìjọba ń kọ́ sẹ́bàá ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ. Àká náà ga ju mọ́sálásí lọ, àwọ̀ ewé ni wọ́n sì fẹ́ kùn ún. Búrọ́ọ̀ṣì ò lè kùn ún tán, ẹ̀rọ ni wọ́n gbé wá. Ẹ̀rọ náà á fa ọ̀dà láti inú garawa, á tì í gba inú rọ́bà gígùn kan, ọ̀dà á sì tú jáde lẹ́nu ohun kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní ìbọn. Ìgbà ọyẹ́ ni. Àwọn awakọ̀ ò fẹ́ kí eruku lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sára ọkọ̀ wọn, nítorí náà abẹ́ igi máńgòrò dá páropáro, ọkọ mi sì lọ bá wọn ṣe iṣẹ́ àká.

Mo gbé oúnjẹ lọ fún un níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo sì dúró wò ó. Ohun tó ń jáde lẹ́nu ìbọn yẹn fẹ́lẹ́, bí ìkùukùu, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé atẹ́gùn lásán ni. Ọkọ mi ní òun náà rò bẹ́ẹ̀ títí ọ̀gá iṣẹ́ fi sún ẹnu ìbọn náà mọ́ páálí kan, tí páálí náà sì lu. Ọ̀gá náà sọ òfin fún wọn. Wọn ò gbọdọ̀ kọjú ìbọn sí èèyàn. Bí ẹnu rẹ̀ bá dí, kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí wọ́n tẹ ìbọn náà sínú garawa títí agbára tó wà nínú rọ́bà á fi tán, kí wọ́n ti ìbọn pa, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń gbẹ ọ̀dà mọ́ ẹnu ìbọn wéréwéré, bí wọ́n bá sì ní kí wọ́n máa pa ẹ̀rọ nígbàkígbà tó bá dí, ilẹ̀ á ṣú bá wọn lórí àkàsọ̀. Ọ̀gá tó sọ òfin náà ló tún ń pariwo pé kí wọ́n ṣe kíá. Ike kékeré kan wà lẹ́nu ìbọn tí kì í jẹ́ kí ìka dé ibi tí ọ̀dà ti ń jáde. Wọ́n yọ ọ́ dànù, wọ́n ní ó ń kán ọ̀dà sílẹ̀. Ìka ni gbogbo wọn wá ń fi nu ún, ẹ̀rọ sì ń ṣiṣẹ́ lọ.

Òsì ni ọkọ mi kọ́kọ́ fi mú ìbọn náà, bó ṣe ń mú búrọ́ọ̀ṣì. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló yarí. Wọ́n ní ọmọ ilé ire kì í fi òsì na nǹkan sí ẹgbẹ́ rẹ̀, áḿbọ̀sì ìbọn, ì báà jẹ́ ìbọn ọ̀dà. Ó bá gbé e sí ọ̀tún kí àlàáfíà lè wà. Bí òsì ṣe ṣófo nìyẹn, tó wá di èyí tó ń fi nu ẹnu ìbọn.

Lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, wọn ò tíì pe ìrun àsárì tó fi ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé. Mò ń ká etí bùbá kan lọ́wọ́. Mo béèrè ohun tó dá a padà lọ́sàn-án, ó na ọwọ́ òsì sí mi, ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò.

"Ìbọn ló ta mí," ó ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo wò ó. Ihò kan ṣoṣo ni, kò ju ojú ibi tí ẹ̀fọn ti jẹ èèyàn lọ. Kò ṣẹ̀jẹ̀. Ó ní kò dun òun, pé ìka náà kàn kú díẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá sùn lé e. Ọ̀gá iṣẹ́ ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ti ní kó dúpẹ́, ṣebí òsì ni. Ìyàwó kan láti ilé kejì yọjú, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ dúpẹ́ pé òsì ni." Ìyá jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ó gbọ́, ó ní, "Alihamudulilahi, òsì ni." Gbogbo wọn ló ń dúpẹ́. Èmi tí mo mọ ọwọ́ tó ń ra iyọ̀ sọ́bẹ̀ wa kò rí ohun tí mo fẹ́ dúpẹ́ lé lórí. Ká ní ọ̀tún ni, wọn ì bá ti gbé e sáré kúrò níbi iṣẹ́. Ohun tí mo rò nígbà náà nìyẹn, òun náà ni mo ṣì ń rò.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ti gún mi rí, ó gba orí èékánná wọlé, ó já sí ìsàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn. Ihò tó bá ti ṣẹ̀jẹ̀ ti sọ tẹnu rẹ̀. Èyí tí kò sọ nǹkan kan yìí ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fádìẹ."

Ìyá ní, "Nítorí ojú ẹ̀fọn? Aránṣọ, jókòó ti ẹ̀rọ rẹ."

Ìyá kì í sì í ṣe ẹni tí èèyàn ń já ní koro lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́. Bàbá rẹ̀ to egungun fún àwọn ará Ṣakí títí tó fi kú, òun náà sì mọ ara wọ́. Ẹni tó já bọ́ lórí igi, ẹni tí iṣan rẹ̀ fà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wọn wá, wọ́n sì ń gbádùn. Ó gbé omi kaná. Ó bu òrí, ó wọ́ ìka náà láti ṣóńṣó rẹ̀ bọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́, láti àtẹ́lẹwọ́ lọ sí ọrùn ọwọ́. Ó wọ́ ọ dáadáa, ó ní kí oró náà lè tú ká. Ó fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ó sì dì í le. Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ tí ìyá yìí kan náà ti fi ọ̀já dì rí.

Nígbà tí a ó fi kírun àsùbá ọjọ́ kejì, ìka náà ti wú, ó le gbagidi bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n, orí rẹ̀ funfun, ó sì tutù. Ẹni tó ní kò dun òun ti ń rìn yí àgbàlá ká, ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró. Ìyá tún gbé omi kaná. Ó tú aṣọ, ó fi òrí kùn ún, ó sì fún un láti ìdí ìka bọ̀ wá sójú ihò. Nǹkan kan yọ jáde. Mo rò pé ọyún ni. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn bí fọ́nrán òwú, àwọ̀ ewé sì ni.

Ìyá gbé e sórí ìka tirẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, òmíràn yọ. Ọ̀dà àká ìjọba ló wà nínú ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ìyá gbé ìkòkò omi gbígbóná, ó dà á sílẹ̀.

"N ò mọ èyí," ó ní. "Ẹ gbé e lọ."

Ó wé gèlè, ó sì tẹ̀ lé wa.

Agùnbánirọ̀ ni dókítà tí a bá nílé ìwòsàn, ọmọ ọ̀nà jíjìn ni, kò gbọ́ Yorùbá. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Ṣakí, ló ń ṣe ògbifọ̀. Dókítà ní òun kò fojú rí irú ọgbẹ́ yìí rí, ṣùgbọ́n òun ti kà nípa rẹ̀. Ó béèrè irú ẹ̀rọ tó jẹ́, irú ọ̀dà tó jẹ́, ohun tí wọ́n fi là á kó lè ṣàn, àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ihò tí a ń wò yẹn, ẹnu ọ̀nà lásán ni. Ọ̀dà náà ti gba abẹ́ awọ lọ, ó ti tọ ẹ̀gbẹ́ iṣan dé àtẹ́lẹwọ́, ó ń jẹ ẹran ara, ó sì ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ó ní bí ihò náà ṣe kéré, tí kì í sì í dunni lákọ̀ọ́kọ́, ló fi ń gba ìka lọ́wọ́ èèyàn, nítorí pé wọn kì í tètè wá. Àná ló yẹ ká ti wá, kó tó kúrò níbi iṣẹ́ pàápàá. Ó tún sọ ọ̀rọ̀ kan sí i, ó ń wo òrí tó ń dán lọ́rùn ọwọ́ ọkọ mi. Nọ́ọ̀sì náà kọjú sí wa.

"Ó ní ẹ má wọ́ irú rẹ̀ mọ́," ó ní, "ẹ má sì fi omi gbígbóná sí i."

Ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ gùn ju ìyẹn lọ. Ọmọ ilé ire ni nọ́ọ̀sì náà, ó sì ń wo ojú Ìyá.

Dókítà wá béèrè pé ọwọ́ wo ni ọkọ mi fi ń ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wa. Bí kì í bá ṣe ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀, dókítà á gé ìka náà láti ìdí lójú ẹsẹ̀, kí àìsàn má bàa gba gbogbo ọwọ́, ọ̀rọ̀ á sì parí. Bó bá jẹ́ ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó lè là á títí dé àtẹ́lẹwọ́, kó fọ ọ̀dà náà jáde, kó fi í sílẹ̀ láìrán, kó sì tún máa fọ̀ ọ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Ìrora rẹ̀ á pọ̀, ìka náà sì lè lọ síbẹ̀.

Ìyá ló dáhùn. "Ọ̀tún ni," ó ní. "Gbogbo ilé wa, ọ̀tún là ń lò."

Mo wo ọkọ mi. Ó tẹrí ba, ó ń wo ilẹ̀. Ọkùnrin tó ń bá awakọ̀ ṣàwàdà lórí ọwọ́ yìí lójoojúmọ́ kò lè la ẹnu níwájú ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti kọjú sí dókítà láti túmọ̀. Inú bí mi.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi." Mo wá kọjú sí nọ́ọ̀sì. "Òsì ni. Òsì ló fi ń ṣiṣẹ́, kò mọ iṣẹ́ kan fi ọ̀tún ṣe. Òsì yìí ló ń bọ́ wa, àtèmi, àtàwọn ọmọ, àtìyá tó jókòó yìí."

Ìyá yíjú sí ògiri. Dókítà wo èmi, ó wo Ìyá, ó yọ bírò lápò, ó fi í sí ọwọ́ ọ̀tún ọkọ mi, ó sì fa bébà sún mọ́ ọn. Ọkọ mi gbìyànjú láti kọ orúkọ ara rẹ̀. Ohun tó kọ rí wọ́gọwọ̀gọ bíi ti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú dé ilé ìwé. Dókítà gba bírò rẹ̀, ó sì lọ fọ ọwọ́.

Wọ́n là á lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ọ̀dà pọ̀ níbẹ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni á gbà gbọ́ pé ó gba ojú irú ihò bẹ́ẹ̀ wọlé. Wọn ò rán an. Wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń gé ohun tó ti kú nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fún un lábẹ́rẹ́. Ọkọ mi kì í ké, á kàn máa béèrè lọ́wọ́ mi bóyá àwọ̀ ewé ṣì wà níbẹ̀, nítorí pé kì í fẹ́ wò ó. Nígbà tó yá, orí ìka náà dúdú, wọ́n sì gé e ní oríkèé àkọ́kọ́. Ìyókù kù. Àtẹ́lẹwọ́ kù. Àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì lè kan ìka àárín, ohun tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyẹn.

Ìyá kò bá mi sọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ nǹkan, á ní kí àwọn ọmọ sọ fún ìyá wọn. Àwọn ìyàwó ilé ní mo ti dójú tì í níwájú ọmọ tí kò gbọ́ èdè wa, wọ́n ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Mo ti gbọ́," ó sì ń bá òrí tó ń pò lọ. Bí wọ́n bá gbé ẹni tó fi ọwọ́ ṣèṣe wá bá a, á kọ́kọ́ béèrè ohun tó ṣe é kó tó fọwọ́ kàn án, á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ihò kankan wà níbẹ̀. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọkọ mi padà sábẹ́ igi máńgòrò. Àtàǹpàkò àti ìka àárín ló wá fi ń di búrọ́ọ̀ṣì mú, kùkùté ìka náà á sì nà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò ní iṣẹ́ kan. Lẹ́tà rẹ̀ sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn awakọ̀ ní ó sàn bẹ́ẹ̀, pé èèyàn lè kà á láti òkèèrè. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí ojú àánú. Òsì ló ń fi ń kọ ọ́, ní gbangba.

Ó di oníwàásù lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn mẹkáníìkì gáréèjì a máa fi àtẹ́lẹwọ́ gba epo tó ń tú jáde lẹ́nu nósù ẹ́ńjìnnì láti mọ̀ bóyá ó ń fọ́n dáadáa. Bó bá ti rí wọn, á dìde, á fi kùkùté ìka rẹ̀ hàn wọ́n, á ju páálí sí wọn. "Páálí ni kẹ́ ẹ fi gbà á. Páálí ò ní ìyàwó." Ó ní bó bá ta ẹnikẹ́ni, kó bọ́ òrùka, kó gbé ọwọ́ sókè, kó má wọ́ ọ, kó má dì í le, kó má fi ohun gbígbóná sí i, kó sì dé ilé ìwòsàn kí ìrora tó dé. Kó sọ ohun tó wọlé fún dókítà láìfi nǹkan kan pa mọ́. Ẹni tó bá sì dúró láti kọ́kọ́ jẹun, ó ní kí onítọ̀hún yáa fi ìka náà jẹ ẹ́ dáadáa, ó lè jẹ́ ìkẹyìn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé páálí ń wà létí iṣẹ́ wọn.

Ọdún ti gorí ọdún, àwọn sójà ti padà sórí ìjọba, kí àìsàn tó dá Ìyá dùbúlẹ̀. Àgbà ló dé sí i, kò lè dá jókòó mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ọkọ mi ki ọwọ́ ọ̀tún sí i lẹ́yìn, ó gbé e jókòó, ó sì fi òsì mú ife omi. Ibẹ̀ ló ti rántí ara rẹ̀. Kò sí bó ṣe lè pààrọ̀ ọwọ́ kí Ìyá má ṣubú sẹ́yìn. Ó pè mí, ó ní kí n wá bá òun gba ife. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Fún mi bẹ́ẹ̀," Ìyá ní.

"Ìyá, òsì ni."

"Mo mọ̀." Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀, ó fi bo kùkùté ìka náà lára ife. Ojú mi ló ń wò. "Ìyàwó rẹ ti sọ fún mi pé ọwọ́ yìí ló ń bọ́ mi."

Ó mu omi náà tán, ó sì ní kó bu díẹ̀ sí i.